Fótò Mummy Tóyìn, àti Ibi Tí A Kó Fótò Ọgbọ̀n Ọdún Sí

Ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí léèrè lẹ́yìn ìsìn pé, "Mummy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní mo ń tọ́jú ojú àwọn èèyàn. Ó ní, "Ah, optician!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá, fótò ni. Ó wò mí bí ẹni tí àánú ń ṣe, nítorí lójú tirẹ̀, fótò kì í ṣe iṣẹ́ mọ́, gbogbo èèyàn ló ní fóònù. Nítorí ọmọ yẹn, àti nítorí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ṣì ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ọjọ́ ayé wọn ṣe, ni mo ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ní Thamesmead, ní London, láti kọ èyí sílẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní iléèwé, kí ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ Ọ̀gá Adéṣínà. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: ìyá mi mú mi lọ, ó kúnlẹ̀, ọ̀gá ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Àwọn èèyàn àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin kì í ya fótò, wọ́n máa ń ya obìnrin ni. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, omi ni mo ń pọn. Nínú yàrá òkùnkùn, agbada mẹ́ta ni ọ̀gá tẹ́ sórí tábìlì, oògùn wà nínú méjì, omi wà nínú ẹ̀kẹta, gílóòbù pupa kan sì ń tàn lókè bí ojú ẹni tí kò sùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí ojú èèyàn ń jáde díẹ̀díẹ̀ látinú ìwé funfun. Ẹ̀rù bà mí. Títí di òní, mi ò tíì rí ohun mìíràn tó jọ ọ́.

Ọ̀gá kì í lu èèyàn, àmọ́ ó le. Ó ní òfin kan lórí àpòòwé tí a ń kó fíìmù sí. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀: orúkọ tí wọ́n sọ onítọ̀hún lọ́jọ́ ìkómọ, agbolé ẹ̀, àti ohun tó mú un wá ya fótò. Èmi tí ọwọ́ mi ò tíì le nínú ìwé kíkọ, òun ló dì mí lọ́wọ́ mú títí mo fi mọ̀ ọ́n kọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ti fíìmù kan bọ inú àpòòwé láìkọ nǹkan kan sí i. Mo rò pé màá rántí. Lẹ́yìn ọdún kan, bàbá àgbẹ̀ kan wá. Ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó fẹ́ kí a tún fótò ẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ní kí n lọ mú un. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú àpótí, bàbá náà jókòó sí ìloro, kò jẹun, ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà tí mo ń gbà jáde. Nígbà tí mo rí i níkẹyìn, ọ̀gá ò bú mi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Moróunkẹ́jì, ẹni tó kó nǹkan pamọ́ tí kò kọ orúkọ sí i, kò pa á mọ́, ó sin ín ni."

Fún oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ló ní kí n máa dúró sí, kí n máa bi gbogbo ẹni tó bá wọlé ní orúkọ àbísọ ẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Ìtìjú ńlá ni fún ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Bàbá olóyè kan fẹ́ gbá mi létí. Ó ní, "Ìwọ ta ni, tí ò ń bi mí lórúkọ?" Ọ̀gá yọjú látinú yàrá òkùnkùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Kò pe orúkọ yín. Ó ń kọ ọ́ ni."

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀ ná. Mo ṣì máa padà wá sí i.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí London, èmi tẹ̀lé e. Mo gbá ọ́fíìsì. Ọdún tí mo fi gbálẹ̀ kò pẹ́ nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ pẹ́ nínú eegun ẹ̀yìn mi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan ń ya fótò ní Plumstead High Street, láàárín ilé onídìrí kan àti ilé ẹlẹ́ja kan, mo gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára mi. Uncle Wálé lorúkọ ẹ̀. Ó ní kí n wọ yàrá òkùnkùn kí òun wo ọwọ́ mi. Nígbà tí mo jáde, ó ní, "Mummy Kúnlé, ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Kúnlé ni àkọ́bí mi. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó tún pè mí ní Moróunkẹ́jì ní ìlú yìí.

Àwọn Aládùúrà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, olùtọ́jú arúgbó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, agbálẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ iṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi, sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Ìkómọ, ìkórè, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú, Uncle Wálé á lọ yà wọ́n, èmi á fọ fíìmù, èmi á sì kó o sí àpòòwé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ìyá kan wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé èmi àti ìwọ la jọ lọ síléèwé ni? Mummy Ṣeun ni mí. Kọ Mummy Ṣeun."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, orúkọ tiyín gan-an ni—"

"Uncle Wálé! Níbo lẹ ti rí eléyìí?"

Uncle Wálé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Mummy Kúnlé, ẹ má lé àwọn oníbàárà mi lọ o. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ, ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mummy Ṣeun. Mi ò ní ọ̀gá kankan tó máa yọjú wá dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́, èmi náà ò sì ní ìgboyà. Láti ọjọ́ yẹn, Mummy Lágbájá àti Daddy Tàmẹ̀dù ni mo ń kọ. Mummy Kẹ́mi méje ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Ó rọrùn, ó ní ọ̀wọ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe àṣìṣe yẹn, lójoojúmọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ohun èlò ń yí padà. Fíìmù ń wọ́n, lẹ́yìn náà ẹni tó ń tà á ti ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé. Yàrá òkùnkùn di ibi tí a ń kó àga sí. Ọwọ́ mi tó ti ń rùn oògùn fótò láti ìgbà ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ọṣẹ lásán. Mo máa ń gbọ́ òórùn ẹ̀ kí n tó sùn, bí ẹni ń wá nǹkan.

Ọdún tí eré Olympics àgbáyé wá sí London, tí wọ́n ń yìnbọn ìdíje nínú Royal Artillery Barracks, ni Uncle Wálé sọ pé orúnkún òun ò lè máa gun àkàbà lọ sídìí àpótí mọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo fótò wa wà nínú kọ̀ǹpútà, kí èèyàn kàn tẹ orúkọ kó sì rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú fótò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlọrin ni bàbá ẹ̀ ti wá, àmọ́ ibí ni wọ́n bí i sí. Aṣọ ẹ̀ mọ́, ẹnu ẹ̀ dùn.

Ó ní, "Mummy, má worry. Everything máa wà ní cloud. Forever ni."

Mo ní, "Ta ló ni forever náà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Uncle Wálé ní, "Mummy Kúnlé, ayé ti yí padà." Mo dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, èmi àti Bísí, ọmọ Uncle Wálé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, la jọ ń ṣe é ní ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Màá fi fíìmù sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á da àwòrán kọ sínú kọ̀ǹpútà, màá ka ohun tó wà lára àpòòwé, Bísí á tẹ̀ ẹ́ sínú ètò iléeṣẹ́ náà. Ó dára lójú lóòótọ́. Ẹ tẹ "ìkórè," gbogbo ìkórè á jáde bí ọgbà òdòdó. Nígbà tí a parí, Uncle Wálé ní àpòòwé ti gba àyè jù. A kó fíìmù sínú páálí ńlá méjì, a kó àpòòwé dànù. Ọwọ́ mi yìí ló so àpò dúdú náà lẹ́nu.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n Uncle Wálé kú ní Nàìjíríà. Ó lọ sin ín, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó wà lọ́hùn-ún ni iléeṣẹ́ yẹn kọ lẹ́tà sí kọ̀ǹpútà ẹ̀ pé àwọn ń kógbá sílé, pé kí gbogbo oníbàárà wá kó ẹrù wọn kí ọjọ́ kan tó pé. Kò rí i kà. Ọjọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ orúkọ, ó tún un tẹ̀. Ojú ewé funfun ló jáde. Bísí pe nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Nọ́ńbà ti kú.

Uncle Wálé jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Mi ò rí i lórí àga yẹn rí. Ó ní, "Mummy Kúnlé, mo ti sọ nǹkan àwọn èèyàn nù."

Bísí ní, "Daddy, àwọn fótò wà o. Mo kó wọn sínú dísìkì mi nílé kí n tó rán wọn lọ." Ó sáré lọ gbé e wá. Lóòótọ́, gbogbo fótò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ètò iléeṣẹ́ tó kógbá wọlé la tẹ orúkọ sí, ibẹ̀ ló sì bá lọ.

Mo sọ fún wọn pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ohun tí àgbà ń sọ nìyẹn kí ọkàn èèyàn lè balẹ̀. Àmọ́ nínú mi, mo mọ̀ pé agbè lásán ló kù lọ́wọ́ wa. Mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi: ó sin ín ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣadé wọlé. Aṣọ àwọn tí ń tọ́jú arúgbó wà lọ́rùn ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Harrow Manorway. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Good afternoon, Auntie. Ṣé o lè help mi?"

Bísí fojú burúkú wò ó nítorí "o" yẹn. Mo fọwọ́ dá Bísí dúró. Mo ti rí i pé Yorùbá ẹ̀, àgbàkọ́ ni, ó ń fọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

Ìyá ẹ̀ bí i sí Woolwich níbí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà, tí iṣẹ́ méjì bá wọ ara wọn lọ́rùn, ó gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó kan ní Kent kó bá òun tọ́ ọ, á sì máa lọ wò ó. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ìyá ṣàìsàn, tó sì kú. Ṣadé ò mọ bàbá. Òyìnbó yẹn ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì jẹ́ kí ojú nǹkan kan pọ́n ọn. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kó tó kú, ó sọ fún Ṣadé pé ìgbà ìkẹyìn tí ìyá ẹ̀ wá, ó ṣèlérí pé tí òun bá ń padà bọ̀, òun á mú fótò ìkómọ wá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead High Street. Kò padà wá mọ́.

Ṣadé mú ìwé ìbí ẹ̀ jáde nínú báàgì. Orúkọ ìyá: Comfort Àjàyí.

Ó ní, "Auntie, mi ò mọ ojú ẹ̀. Ká ní mo jókòó tì í nínú bus, I won't know."

 Uncle Wálé ń wo ilẹ̀. Òun rò pé iléeṣẹ́ tó kógbá wọlé ló fà á tí a ò fi lè rí ohun tí ọmọ yìí ń wá. Èmi mọ òótọ́. Ká ní gbogbo orúkọ wa ṣì wà níbẹ̀ ní pípé, ká tẹ Comfort títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí Comfort kankan tó máa jáde. Èmi ni mi ò kọ ọ́. Mummy ẹnìkan ni mo kọ.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá ẹ wà nínú ilé yìí. A ò tíì mọ ibi tó jókòó sí ni. Fún wa láyè."

Nígbà tó lọ, mo sọ fún Uncle Wálé pé a gbọ́dọ̀ wá ètò mìíràn, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó ní, "Ẹ̀yin?" Mo ní, "Èmi." Kò bá mi jiyàn.

Bísí wá ẹni méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin kan tí ètò tirẹ̀ ń dán bí góòlù. Ó ń mọ ojú èèyàn fúnra ẹ̀, ó ń ṣe oríṣiríṣi. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo fún un ní fótò mẹ́wàá nínú fláàṣì, nǹkan kékeré tí a ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà, mo ní kó kó wọn wọlé, kó kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é wàrà. Mo wá ní, "Ó dáa. Kó wọn jáde fún mi."

Ó ní kí ló dé?

Mo ní, "Kó wọn jáde. Ká ṣí wọn nínú kọ̀ǹpútà Bísí tí kò mọ̀ ẹ́ rí."

Ó kó wọn jáde. Fótò mẹ́wàá pé. Orúkọ, kò sí ọ̀kan. Ó ní inú ètò àwọn nìkan ni orúkọ lè máa gbé, àti pé kí ló máa mú wa fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn?

Mo ní, "Ọmọ mi, ilé tó ní ilẹ̀kùn àbáwọlé tí kò ní ti àbájáde, kí là ń pè é?"

Uncle Wálé wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀wọ̀n."

Ẹnì kejì jẹ́ bàbá òyìnbó kan tó ń fa ẹsẹ̀. Ètò tirẹ̀ burẹ́wà, ó rí bí ìwé akọ̀wé kóòtù. A fún un ní fótò mẹ́wàá kan náà. Ó pẹ́ kó tó ṣe tán. Nígbà tó kó wọn jáde, tí Bísí ṣí wọn nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, orúkọ wà nínú fótò kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Ibi tí fótò bá lọ, orúkọ ń bá a lọ.

Mo ní kí Bísí bi í pé, tó bá kú ńkọ́?

"Mummy Kúnlé, mi ò lè bi èèyàn bẹ́ẹ̀!"

Uncle Wálé ló bi í. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní tí òun bá kú, a máa ní gbogbo nǹkan wa lọ́wọ́, a ò sì ní nílò òun. Mo ní, "Eléyìí ni."

Mo tún béèrè ohun kan. Àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún èèyàn kọ̀ọ̀kan nínú ètò ẹ̀. Mo ní kó ṣe é ní mẹ́rin: orúkọ àbísọ, orúkọ inú ìwé, orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é, àti ilé tó ti wá. Ó ní òun ò rí oníbàárà tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kò tíì bá Yorùbá ṣiṣẹ́ rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí ibi mẹ́ta: ṣọ́ọ̀bù, ilé Bísí, àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó tún máa fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ti gbogbo wa mọ́ta.

Ṣùgbọ́n ètò tó dára kò mọ orúkọ. Èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n náà sì ń dàgbà, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà á dúró nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó fún wọn ní tíì, Bísí á tan fótò sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dárúkọ. Ẹ̀rín pọ̀.

"Daddy Káyọ̀dé, irun orí yín dà?"

"Ó lọ sí Nàìjíríà. Mo ṣì ń retí ẹ̀."

Nígbà mìíràn, ẹ̀rín á dá, nítorí ẹni tó wà lára ògiri ti lọ, ọkọ ẹ̀ tàbí ìyàwó ẹ̀ sì wà lórí àga. Èmi ni mo ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú ìwé. Mo ń bi wọ́n ní orúkọ àbísọ. Mummy Ṣeun wà níbẹ̀, ó ti di arúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "O ò tíì jáwọ́ nínú ìwà yẹn?" Mo kúnlẹ̀ bí orúnkún mi ṣe lè kúnlẹ̀ mọ. Mo ní, "Mi ò pe orúkọ yín mà. Mo ń kọ ọ́ ni." Ó wò mí títí. Ó ní, "Àìná. Kọ Àìná." Ó fi gèlè nu ojú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara òun.

Ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí níbi iṣẹ́, Ṣadé á wá jókòó sẹ́yìn. Àwọn àgbà mọ̀ pé ìyá ẹ̀ ló ń wá, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ Comfort kankan nínú wọn. Gbogbo obìnrin tó bá hàn lára ògiri, á na ọrùn wò ó. Sùtánà funfun ni gbogbo wọn wọ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé mo ti purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan, Bísí tẹ bọ́tìnnì, obìnrin kan hàn. Ó gbé ọmọ jòjòló dání, ó sì da orí sí apá òsì díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Mo yí padà wo Ṣadé. Orí ẹ̀ dà sí apá òsì.

Kí n tó sọ̀rọ̀, Màmá Akọrin, tó dàgbà jù nínú wa, tó ti ń jókòó nínú àga oníkẹ̀kẹ́ láti ọdún díẹ̀, na ọwọ́ sí ògiri. "Ẹ̀! Mummy Tóyìn rèé o! Ẹ wo ọmọ yìí. Kò sí ẹni tó ní ohùn ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Láti ìgbà tó ti lọ, a ò rí ẹni tó gba àyè ẹ̀."

Mo ní, "Mà, ṣé ó ń jẹ́ Comfort?"

"Comfort? Níbi tó ń gbálẹ̀ nìyẹn, òyìnbó ò lè pe tirẹ̀. Mojísọ́lá ni. Mojísọ́lá Àjàyí, ọmọ Ṣàgámù."

Ṣadé ti dìde. Ó rìn láàárín àwọn àga títí ó fi dé iwájú ògiri, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ sì bọ́ sára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìyá ẹ̀ wà léjìká ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tí ọmọ jòjòló náà wà. Kò sunkún. Ó kàn bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Auntie. Ta ni Tóyìn?"

 Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Wọ́n ti rò pé ó mọ̀.

Màmá Akọrin ló dá a lóhùn, jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, ọmọ mi. Ìyá yín fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ṣàgámù nígbà tó ń bọ̀ níbí. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀."

"I have a sister?"

"O ní ẹ̀gbọ́n."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀, èmi arúgbó, mo sì dì í mú. Orúkọ tí mo ń tijú pé mo kọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Mummy Lágbájá, òun nìkan ni ibi tí Tóyìn wà ní gbogbo ìlú London. Ìwé ìjọba ò ní in. Òyìnbó Kent ò gbọ́ ọ rí. Bí mo bá kọ Mojísọ́lá nìkan bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, ǹ bá ti pàdánù Tóyìn. Bí mo sì kọ Mummy Tóyìn nìkan bí Uncle Wálé ṣe fẹ́, ìyá á sọnù. Méjèèjì ló yẹ kí n kọ, kí n má sì da ìkankan nù.

Bísí tẹ gbogbo ẹ̀ wọlé níṣojú wa. Àbísọ: Mojísọ́lá. Inú ìwé: Comfort Àjàyí. Tí wọ́n ń pè é: Mummy Tóyìn. Ilé: Ṣàgámù. Ọmọ ọwọ́: Ṣadé. Ṣadé ní, "Add Tóyìn." Bísí ní ẹni tó bá wà nínú fótò nìkan ni wọ́n ń kọ sí àyè yẹn. Mo ní, "Kọ ọ́ sí i."

A kó fótò náà sínú fláàṣì. Àwọn ará ìjọ tó ń lọ sílé bá wa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Ṣàgámù, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi, kí wọ́n bá wa wá Tóyìn. Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀lé e, Màmá Akọrin sùn, kò jí mọ́. Ká ní a fi ìjókòó wa falẹ̀ fún ọdún kan péré, kò ní sí ẹni tó máa mọ obìnrin yẹn mọ́. Mo máa ń rò ó.

Uncle Wálé ti ti ṣọ́ọ̀bù báyìí, ilé oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Fótò wà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, ohun èlò tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ lẹ máa fi parí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Tí wọ́n bá gbé ilé tuntun wá bá yín, kí ẹ tó kó ẹrù sí i, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ọ̀nà àbájáde, kí ẹ sì gbà á jáde lẹ́ẹ̀kan níṣojú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ohùn obìnrin ni, ó jìn. Ó kí mi dáadáa, ó ní Tóyìn lorúkọ òun, ará Ṣàgámù. Ó ní nínú ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni akọ̀wé ti ki fláàṣì bọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tí fótò jáde, tí orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tí ìyá òun wọ ọkọ̀ òfuurufú. Òun ò ní fótò kankan.

Ó ní, "Mà, akọ̀wé ka àwọn orúkọ, ó ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó ṣi kà. Mi ò sí nínú fótò yẹn, mà. Ilé ni mo wà."

Mo ní, "O wà níbẹ̀, ọmọ mi. Orúkọ ẹ la fi ń pe ìyá ẹ."